Àìrìnpọ̀ Ejò

Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi àti àbúrò wọn jọ sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò kan náà ni ìyá mi mọ̀ pé wàhálà ti wọlé. Ojú fèrèsé ni mo wà. Ọmọ ọdún 11 ni mí. Peugeot 504 funfun dúró lẹ́nu géètì, Bàbá Àgbà bọ́ sílẹ̀ lápá ọ̀tún, Bàbá Kékeré lápá òsì, wọ́n sì jọ ń rẹ́rìn-ín bọ̀.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí ẹ̀rín yẹn fi bani lẹ́rù. Àwọn méjèèjì kì í kí ara wọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti pín oko kòkó bàbá wọn ni ọ̀kan ò ti jẹun nílé èkejì mọ́. Bí ọ̀kan bá ti jókòó níbi ìnáwó, èkejì á ní kí wọ́n gbé àga òun lọ sábẹ́ àtíbàbà mìíràn. Bàbá mi ni ìkejì nínú àwọn mẹ́ta, àwọn ló sì máa ń sáré síhìn-ín sáré sọ́hùn-ún, tí wọ́n ń bẹ tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Ẹ̀bẹ̀ náà ò wọlé títí bàbá mi fi kú. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n kú, àwọn tí kò gbẹ̀bẹ̀ ti rẹ́.

Ìyá mi fi etí ìró nu ọwọ́, wọ́n wo ìta, wọ́n ní: "Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Wọ́n ti wá ń rìn pọ̀ báyìí."

Ẹ mọ ìyókù òwe yẹn. Bí ọká bá ṣíwájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀ lé e, tí òjòlá ń wọ́ tuuru bọ̀ lẹ́yìn, ta ni yóò dúró?

Ọ̀rọ̀ kọ́míìkì, ìwé ìtàn aláwòrán, ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ẹ má bínú pé ẹnu géètì ilé wa ni mo gbà wọ ọ́. Ọdún yẹn náà ni àbúrò ìyá mi ọkùnrin, tí wọ́n ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, fi páálí kan rán ẹnìkan sí wa. Aṣọ wà nínú rẹ̀, ọṣẹ wà, kọfí tí ẹnikẹ́ni nínú ilé ò mu wà. Nísàlẹ̀ pátápátá ni kọ́míìkì bí ogún wà, ti Marvel àti ti DC, iléeṣẹ́ kọ́míìkì ńlá méjì ní Amẹ́ríkà, ògbólógbòó, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò ní èèpo iwájú mọ́. Mo rò pé òkìtì ni wọ́n rà wọ́n lọ́jà, tí wọn ò tilẹ̀ ṣí wọn wò. Èmi ni mo ṣí wọn. Mo ṣí wọn tó bẹ́ẹ̀ tí okùn irin tó di àwọn mìíràn fi já.

Nígbà náà lọ́hùn-ún, "áàkítọ̀" ni àwa ọmọdé ń pe akọni inú fíìmù, "bọ́ọ̀sì" sì ni ọ̀tá rẹ̀. (Kì í ṣe bọ́ọ̀sì tí à ń wọ̀ o.) Òfin kan ṣoṣo tó wà ni pé áàkítọ̀ kì í kú. A gbà bẹ́ẹ̀, a ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ti àwọn bọ́ọ̀sì. Wọ́n pọ̀ ju áàkítọ̀ lọ, wọ́n lówó jù ú lọ, wọn ò sì bẹ̀rù ọlọ́pàá. Kí ló dé tí wọn ò para pọ̀ kí wọ́n parí ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ kan ṣoṣo?

Mo ti dàgbà kí n tó rí i pé àwọn tó ń kọ kọ́míìkì náà ti ń bi ara wọn ní ìbéèrè yìí tipẹ́. Ní 1947, DC ti kó ọ̀daràn jọ sínú ẹgbẹ́ kan láti bá ẹgbẹ́ àwọn akọni jà. Marvel tilẹ̀ ní ìwé kan tí kò níṣẹ́ mìíràn ju kó máa so ọ̀daràn mọ́ ọ̀daràn lọ, *Super-Villain Team-Up*, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1975, tó sì kógbá sílé ní 1980 lẹ́yìn nọ́ńbà 17. Doctor Doom àti Namor ló gbé e ró, àwọn méjèèjì sì jẹ́ ọba, olúkúlùkù ní ìlú tirẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: ọba méjì, ta ni yóò kọ́kọ́ dìde kí ìkejì?

Àmọ́ èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo wọn, ti 1964 ni. Stan Lee àti Steve Ditko ló ṣe é, nínú ìwé ọdọọdún àkọ́kọ́ ti Spider-Man. Doctor Octopus, ọkùnrin tó ní apá irin mẹ́rin lẹ́yìn apá tí wọ́n bí mọ́ ọn, kó ọ̀tá Spider-Man márùn-ún jọ: Electro tí iná mànàmáná ń jáde lára rẹ̀, Kraven ọdẹ, Mysterio onídán, Sandman tó ń di iyanrìn, àti Vulture, bàbá arúgbó tó ń fò. Òun fúnra rẹ̀ ṣìkẹfà. Wọ́n jí Betty Brant gbé, ọmọbìnrin tó ń ṣe akọ̀wé ní iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn tí Peter Parker, ìyẹn Spider-Man fúnra rẹ̀, ń ya fọ́tò fún. Wọ́n tún ṣèèṣì gbé Aunt May mọ́ ọn, ìyá àgbàlagbà tó tọ́ Peter dàgbà. Wọ́n wá ránṣẹ́ sí Spider-Man pé kó wá gbà wọ́n.

Ẹ wá wò ó: lọ́jọ́ yẹn gan-an, agbára Spider-Man ti pòórá. Ẹ̀rí ọkàn ló ń dà á láàmú lórí ikú Uncle Ben, ọkọ Aunt May, ara rẹ̀ sì kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Ọmọ ilé ìwé lásán tó wọ aṣọ pupa àti búlúù ló ń bọ̀ wá bá wọn. Ká ní àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jọ dìde, kódà kó jẹ́ òkò ni wọ́n jọ sọ, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n jókòó, wọ́n ń bára wọn fà á, ta ni yóò kọ́kọ́ jà. Olúkúlùkù fẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ òun ni Spider-Man kú sí. Wọ́n wá ṣẹ́ gègé! Electro ló mú ipò kìíní. Ẹnu ìjà Electro yẹn ni agbára Spider-Man ti padà dé, ló bá ń ti ọ̀dọ̀ ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ èkejì bí ẹni ń já ilá lóko, títí ó fi kan Doctor Octopus tó gbé ara rẹ̀ sẹ́yìn pátápátá. Ní gbogbo àkókò yìí, Aunt May ò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n jí òun gbé. Lójú tirẹ̀, ọmọlúàbí ni Doctor Octopus, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àlejò.

Mo rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo kà á. Ejò tó ń rìn lọ́kọ̀ọ̀kan gan-an nìyẹn, àwọn ejò yìí tún wá dìbò lórí rẹ̀. Ìyá mi ì bá sọ pé ìwà òmùgọ̀ ni. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀ mọ́. Vulture ò kórìíra Electro. Ohun tó ń dùn ún ni pé bí ẹlòmíràn bá pa Spider-Man, kí ni yóò kù fún òun? Bàbá arúgbó tó ń fi ìyẹ́ irin fò, tí ọmọ kékeré kan ń fi ìyà jẹ lójú gbogbo Niu Yọ́ọ̀kì, ẹ̀san rẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń bá ni gbà. Ọ̀tá ti di dúkìá rẹ̀. Bí ẹni sọ pé kí aládùúgbò báni sin òkú bàbá ẹni ni, kí àwa wà nílé ká máa sùn.

Iṣẹ́ òǹkọ̀wé náà wà níbẹ̀ o, ká má tan ara wa. Ìtàn Spider-Man gbọ́dọ̀ tún jáde lóṣù tó ń bọ̀. Bí ọ̀daràn mẹ́fà bá ṣọ̀kan dénú, kò sí ìwé mìíràn láti tà. Nítorí náà òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ wá ibi tí ìkòkò náà yóò ti sán. Ọ̀lẹ inú wọn á kàn ní ọ̀kan da èkejì, ó parí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ti 1981, ìgbà kejì tí Superman ti DC àti Spider-Man ti Marvel pàdé: Doctor Doom kó Parasite, ọ̀tá Superman, mọ́ra pẹ̀lú ìlérí, kó lè sọ ọ́ di èròjà ẹ̀rọ rẹ̀ níkẹyìn. Doom ni Doom, kí lẹ rò pé yóò ṣe? Mi ò rí nǹkan kan kọ́ níbẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ dáadáa máa ń wá ibi sísán yẹn nínú ọ̀daràn náà fúnra rẹ̀, ohun kan tó fẹ́ràn tàbí tó kórìíra ju ìṣẹ́gun lọ.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n pàdé, ní 1976, sàn ju ìyẹn lọ. Ìwé ńlá ni, ó tóbi tó ìwé ìròyìn, dọ́là 2 ni wọ́n tà á. Gerry Conway ló kọ ọ́, Ross Andru ló yà á. Lex Luthor, ọ̀tá Superman, àti Doctor Octopus pàdé nínú ẹ̀wọ̀n, wọ́n jọ sá jáde, wọ́n sì dòwò pọ̀. Owó ni Octopus rò pé àwọn ń wá. Ìgbà tí Luthor fi sátẹ́láìtì kan da ojú ọjọ́ gbogbo ayé rú tí omi òkun bẹ̀rẹ̀ sí í ru, ni ó tó yé e pé kì í ṣe owó ni Luthor ń wá. Kàkà kí eku má jẹ sèsé, á fi ṣe àwàdànù. Octopus wo ọ̀rọ̀ náà, ó rántí pé òun náà ń gbé inú ayé tí wọ́n fẹ́ bàjẹ́ yìí, ló bá fi apá irin rẹ̀ fọ́ ẹ̀rọ náà túútúú. Kò di ènìyàn rere lọ́jọ́ yẹn. Ó kàn níbi tó ń gbé ni.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀, torí pé ẹ̀yìn ìwé yẹn dùn ju inú rẹ̀ lọ. Marvel àti DC fúnra wọn, ọ̀tá ni wọ́n lọ́jà. Bí wọ́n ṣe jọ ṣe ìwé kan ṣoṣo yẹn dà bí ìgbà tí ìyáálé àti ìyàwó jọ ń ro ọkà nínú ìkòkò kan. Ross Andru yẹ níṣẹ́ náà torí ó ti ya akọni méjèèjì rí, síbẹ̀ Neal Adams tún tún àwọn àwòrán Superman kan ṣe, John Romita tún ojú Peter Parker ṣe, kí ojú má bàa jọ ojú ẹlẹ́gbẹ́ kejì. Nígbà tó di 1983, wọ́n fẹ́ kó ẹgbẹ́ akọni ńlá méjèèjì, Justice League àti Avengers, pàdé. George Pérez ti ya ojú ìwé 21. Àwọn olóòtú bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí ìtàn náà: ẹni tí yóò ṣẹ́gun ta, ẹni tí kò gbọdọ̀ ṣubú lójú ta. Iṣẹ́ dúró. Ó dúró fún ogún ọdún. Ọdún 2003 ni ìwé náà tó jáde, Kurt Busiek ló kọ ọ́, Pérez kan náà ló sì yà á, irun orí rẹ̀ ti ń funfun. Ní 2022, nígbà tí àrùn jẹjẹrẹ ti dá Pérez dùbúlẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ méjèèjì gbà kí wọ́n tún tẹ 7,000 ẹ̀dà rẹ̀ fún àjọ tó ń ran àwọn ayàwòrán lọ́wọ́. Ó kú ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn. Nígbà tí mo ka gbogbo ìyẹn tán, mo bi ara mi pé ta gan-an ni ọ̀daràn inú ìtàn yìí tí kò lè rìn pọ̀.

Àwọn mìíràn wà tí mo lè fi ẹnu bà lásán. Ní 1995 wọ́n so Joker ti Batman mọ́ Carnage ti Spider-Man, apànìyàn méjì tí orí wọn ò pé, èèyàn á sì rò pé wọn yóò bára wọn mu bí ẹ̀wà àti dòdò. Rárá o. Carnage fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn lójú ẹsẹ̀. Joker ní ikú gbọ́dọ̀ ní ètò, kó dà bí eré orí ìtàgé, kí ẹ̀fẹ̀ wà nínú rẹ̀. Wọ́n tú ká lórí bí iṣẹ́ ṣe yẹ kó rí, bí télọ̀ méjì tí wọ́n ń jà lórí ọrùn bùbá. Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, John Byrne gbé ìtàn kan lọ sí oṣù kìíní 1945: Joker gbaṣẹ́ lọ́wọ́ Red Skull láti jí àdó olóró átọ́míìkì. Ìgbà tí iṣẹ́ ti wọra ni Joker tó mọ̀ pé ọ̀gá òun kì í ṣe ẹni tó kàn gbé ìbòjú Nazi, ẹgbẹ́ Hitler, wọ̀ fún ìdẹ́rùbà, pé ará Nazi gan-an ni. Ó bínú. Ó ní wèrè ọ̀daràn ni òun lóòótọ́, ṣùgbọ́n wèrè ọ̀daràn ọmọ Amẹ́ríkà ni òun. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an. Ó pa mí lẹ́rìn-ín. Àmọ́ kò dénú. Ẹni tó ń fi májèlé pa ọmọ ìlú rẹ̀ lójoojúmọ́ wá rántí ìlú lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Èyí tó dénú, ìyẹn ló wà nínú páálí mi.

Láti ìparí 1989 wọ 1990, Marvel tan ìtàn kan ká inú àwọn ìwé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, *Acts of Vengeance*. Ọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, tó wọ kóòtù bí òṣìṣẹ́ báǹkì, lọ ń bẹ àwọn ọ̀gá ọ̀daràn wò lọ́kọ̀ọ̀kan: Doctor Doom, Magneto, Kingpin, Mandarin, Wizard, Red Skull. Ìmọ̀ràn tó gbé wá rọrùn, ó sì gbọ́n. Ó ní ẹ ń kùnà torí pé akọni yín ti mọ̀ yín. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ọ̀tá. Bí ẹni bá ti ń bá ẹnìkan jìjàkadì láti ọmọdé, ó mọ ẹsẹ̀ tó máa fi kọ́ni. Àjèjì ni kò mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni Magneto ṣe dojú kọ Spider-Man, tí Doom ń bá Punisher fà á, tí Mandarin sì kọjú sí àwọn X-Men.

Ọkùnrin oníkóòtù yẹn, Loki ni, òrìṣà ẹ̀tàn àwọn ará àríwá Yúróòpù. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún mi pé Èṣù ni. Èṣù ń gbẹ́bọ. Loki ò gbé nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.) Ohun tó ń bá a jà náà pani lẹ́rìn-ín. Ní 1963, òun ló fi akọni kan, Hulk, dẹ pańpẹ́ láti mú Thor, òrìṣà ààrá tó jẹ́ ọ̀tá rẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n rán, tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ Thor nìkan, wá dé ọ̀dọ̀ àwọn mìíràn, gbogbo wọn sì para pọ̀ di Avengers. Ẹgbẹ́ tó fẹ́ tú ká yìí, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi so ó.

Ìwé tó wà lọ́wọ́ mi kò ní èèpo. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni mo mọ̀ pé *Captain America* nọ́ńbà 367 ni, oṣù kejì 1990, Mark Gruenwald ló kọ ọ́, Kieron Dwyer ló yà á. Ohun tí mo kàn rí ni ọkùnrin kan tó wọ akoto tó bo orí títí dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, tó ń wá ọkùnrin mìíràn tí ojú rẹ̀ jẹ́ agbárí pupa. Mo rò pé àwọn méjèèjì jẹ́ bọ́ọ̀sì. Wọ́n jẹ́ bọ́ọ̀sì lóòótọ́. Ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n. Àmọ́ akoto ń lépa agbárí, ó ń ya irin bí ẹni ń ya bébà, kò sì sí áàkítọ̀ kankan níbẹ̀ tí mo lè fẹ́ràn.

Magneto, alákoto yẹn, ní ìbéèrè kan ṣoṣo fún Red Skull, alágbárí pupa: ṣé ìwọ gan-an ni? Ṣé ìwọ ni Red Skull ìgbà ogun, tàbí ẹlòmíràn tó jogún orúkọ? Nínú kọ́míìkì, ìbéèrè yẹn nítumọ̀, torí àwọn mìíràn ti lo orúkọ yẹn rí, ara tí Red Skull sì ń gbé nígbà náà jẹ́ èyí tí wọ́n fi ẹ̀yà ara Captain America, akọni tó jẹ́ ọ̀tá rẹ̀, hù. Òun náà ni. Ní 1941 ni Joe Simon àti Jack Kirby, ọmọ Júù méjèèjì, gbé Red Skull jáde nínú ìwé Captain America àkọ́kọ́, nígbà tí Amẹ́ríkà ò tíì wọ ogun. Magneto ní tirẹ̀, ní 1981 ni Chris Claremont jẹ́ ká mọ̀ pé ọmọdé ni nígbà tí wọ́n kó o lọ sí Auschwitz, àgọ́ ikú àwọn Nazi, àti pé gbogbo ẹbí rẹ̀ ló ti kú.

Mi ò mọ Auschwitz nígbà náà. Mo mú ìwé náà lọ bá tíṣà wa. Wọ́n wo àwòrán rẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi, nígbà tó yá wọ́n jókòó, wọ́n ṣàlàyé ohun tí Hitler fi ojú àwọn Júù rí. Wọn ò fi ọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bò ó. Mo padà lọ sílé, mo tún ìwé náà kà, ó sì ti di ìwé mìíràn.

Ohun tí Magneto ṣe níkẹyìn nìyí. Kò pa Red Skull. Ó gbé e lọ sínú yàrá kan lábẹ́ ilẹ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kì í dé, ó gbé omi díẹ̀ sílẹ̀ fún un, ó sì bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Kó wà níbẹ̀, kó máa ronú.

Ohun kan ṣì ń gún mi lára nínú ìtàn yẹn. Doctor Doom náà, ìran Roma ni wọ́n bí i sí. Àwọn Nazi pa àwọn Roma náà bí wọ́n ṣe pa àwọn Júù. Tábìlì kan náà ni Doom àti Red Skull jókòó sí, Magneto ló sì dìde. Mo mọ̀ pé wọ́n lè sọ pé òǹkọ̀wé ò rántí ni. Bóyá. Àmọ́ mo ti wà níbi tí àwọn ènìyàn ti jókòó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìgbà kẹta tí Bàbá Àgbà àti Bàbá Kékeré wá, wọ́n kó ẹbí dání. Ọ̀rọ̀ ti jáde síta nígbà náà: ilé bàbá mi ni wọ́n fẹ́ tà. Kí ìyá mi kó ọmọ rẹ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀, wọn yóò fún un ní ohun tí yóò fi ṣòwò. Bàbá Kékeré ló ń sọ̀rọ̀, wọ́n mọ̀ ọ́n sọ. Bàbá Àgbà ń mi orí. Àwọn ẹbí tó kù ń wo ilẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ń fi ìṣáná ya nǹkan sórí sìmẹ́ǹtì. Ọkùnrin tó fẹ́ ra ilé náà wà pẹ̀lú wọn, ó mú téèpù ìwọ̀n dání. Ó wọn iwájú, ó wọn ẹ̀gbẹ́, ó dé ẹ̀yìnkùlé, ó dúró.

Ibẹ̀ ni ibojì bàbá mi wà. Sìmẹ́ǹtì rẹ̀ ò tíì gbẹ dénú.

Ó padà wọlé, ó ní òun ò lè ra ilé tí òkú wà nínú rẹ̀, pé àwọn tí òun fẹ́ kó sínú rẹ̀ ò ní gbà. Bàbá Kékeré ní ìyẹn ò le, àwọn mọ àwọn tó ń ṣe é, wọn yóò hú u lóru, wọn yóò gbé e lọ sí itẹ́ òkú.

Bàbá Àgbà ní, "Kí lo wí?"

Bàbá Kékeré tún un sọ. Wọ́n rò pé wọn ò gbọ́ ni.

Bàbá Àgbà dìde. Ènìyàn gíga ni wọ́n, àjà pálọ̀ wa sì rẹlẹ̀. Wọ́n ní, "Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò yẹn. Èmi ni mo gba orí rẹ̀ mọ́ra tẹ́ ẹ." Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n mú fìlà wọn lórí tábìlì, wọ́n jáde, wọ́n kọjá lára Peugeot 504 náà, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí títì. Ọkùnrin oníwọ̀n ká téèpù rẹ̀. Bàbá Kékeré tún wá lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ìyẹn, àwọn nìkan, ohùn wọn kéré sí i lọ́jọ́ kejì, nígbà tó yá wọn ò wá mọ́.

Ẹ má rò pé mo fẹ́ fọ Bàbá Àgbà mọ́. Wọ́n fẹ́ ta ilé náà. Ọ̀sẹ̀ tí bàbá mi kú ni wọ́n ti kó firísà wa lọ, àti agbádá méjì, àti rédíò tí mo máa ń fi gbọ́ bọ́ọ̀lù. Wọn ò dá ọ̀kankan padà. Wọn ò bẹ ìyá mi. Magneto náà, bó ṣe bo Red Skull mọ́lẹ̀ tán, iṣẹ́ ibi tirẹ̀ ló padà sí. Mo ti ka ohun tí àwọn kan kọ pé ibẹ̀ ni Magneto ti fi hàn pé akọni ni. Akọni kọ́. Ọ̀daràn tó ní òkú nílẹ̀ ni.

Òwe ìyá mi ò sì gbà mí láyè láti sùn nígbà náà, torí mo máa ń ronú nípa paramọ́lẹ̀. Àárín ló wà nínú òwe yẹn. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó fẹ́ ibi tí ọká ń lọ.

Láti ọdún tó tẹ̀ lé e, bí ọjọ́ ikú bàbá mi bá pé, Bàbá Àgbà máa ń wá ní àárọ̀ kùtù. Ẹ̀gbẹ́ ilé ni wọ́n ń gbà dé ẹ̀yìnkùlé, wọn kì í wọlé. Ìgbálẹ̀ tiwọn ni wọ́n ń mú wá láti ilé. Wọ́n á gbá orí ibojì náà, wọ́n á tu koríko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n á dúró díẹ̀. Ìyá mi ò jáde lọ́jọ́ kan rí. Àmọ́ wọ́n á bu omi sínú kọ́ọ̀bù, wọ́n á ní kí n gbé e lọ.

Mo máa ń dọ̀bálẹ̀, mo máa ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé omi náà fún wọn. Wọ́n á mu ún lórí ìdúró, wọ́n á da ìṣẹ́kù sílẹ̀.

"Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà nínú ilé, sà."

"Ó dáa."

Wọ́n á dá kọ́ọ̀bù padà fún mi, wọ́n á mú ìgbálẹ̀ wọn, wọ́n á tún gba ẹ̀gbẹ́ ilé jáde.